XKB Méjì: Ti Kíbọọ̀dù àti Ti Kambolé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n wa nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí, tí n kò fèsì. Wọ́n ní àwa tí a máa ń wo Star Trek mọ́jú, tí a sì máa ń tú inú kọ̀ǹpútà palẹ̀ bí ẹni tó ń kun ẹran iléyá, eré la ń ṣe. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, kó lọ ka fonọ́lọ́jì. Èmi náà kò ní kí ẹnikẹ́ni má ka fonọ́lọ́jì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé eré yìí gan-an ni iṣẹ́ tí èdè ilé àwọn kan nínú wa ń fẹ́, pàápàá èdè àwa ará Kambolé.

Ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé bí èèyàn bá ti kọjá Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, Yorùbá ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kambolé wà ní àárín gbùngbùn Tógò, lápá ìlà-oòrùn, ní agbègbè Tchamba, kò sì jìnnà sí ààlà orílẹ̀-èdè Benin. Sokodé ni ìlú ńlá ibẹ̀. Ẹni tó bá ti Kambolé lọ sí Sokodé, ì báà jẹ́ Komah ló wọ̀ sí tàbí àdúgbò mìíràn, Tem ni yóò fi nájà. Ní Tchamba, Akaselem ni èdè onílé. Ní ilé ìwé àti lọ́fíìsì, Faransé ni. Èdè tiwa ń gbé inú ilé, lẹ́nu ìyá àti bàbá, ó sì ń gbé òdì kejì ààlà pẹ̀lú, lọ́dọ̀ àwọn ará Manigri. Àwọn onímọ̀ kó àwa àti Manigri pọ̀, wọ́n pè wá ní Manigri-Kambolé Ede Nago, wọ́n sì fún wa ní àmì oní-lẹ́tà mẹ́ta nínú àkójọ èdè àgbáyé tí à ń pè ní ISO 639-3. Àmì náà ni xkb.

Ẹni tó bá ti fi Linux sínú kọ̀ǹpútà rí yóò ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Nínú Linux, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan yóò kọ jáde ń jẹ́ X Keyboard Extension. Ìgékúrú rẹ̀ ni xkb. Èèṣì ni, n kò sọ pé àmì láti ọ̀run ni. Àmọ́ bí èèṣì bá bọ́ síni lọ́wọ́ tó dára tó báyìí, òmùgọ̀ ló ń jù ú nù.

Ẹ jẹ́ kí n ti Star Trek wọ̀ ọ́. Eré náà bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1966. Àwa tí a wò ó ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé, Faransé ni Captain Kirk ń sọ sí wa, kedere bí ọ̀gá ilé ìwé lọ́jọ́ ìdánwò. Obìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ náà, aláwọ̀ dúdú ni, Uhura ni orúkọ rẹ̀, láti inú uhuru tí í ṣe òmìnira ní èdè Swahili. Nínú ìpín kan tó jáde ní 1967, The Changeling, ẹ̀rọ kan pa gbogbo ohun tó wà ní orí rẹ̀ rẹ́, wọ́n wá ń kọ́ ọ ní kíkà àti kíkọ lọ́tun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan há a lẹ́nu, Swahili ló fi sọ̀rọ̀. Mo rò pé ẹni tó kọ eré yẹn mọ ohun kan tí àwọn olùkọ́ wa kan kò tíì gbà títí di òní, pé èdè ìyá wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọwọ́ ìparun kì í tètè dé.

Nípa èdè, ìpín tí mo fẹ́ràn jù ni Darmok, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 1991. Nínú ọkọ̀ wọn, ẹ̀rọ ògbifọ̀ kan wà tó ń túmọ̀ gbogbo èdè. Wọ́n wá pàdé àwọn Tamarian. Ẹ̀rọ náà túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tó yé. Ìdí ni pé ìtàn ni àwọn èèyàn náà fi ń sọ̀rọ̀: wọn yóò dárúkọ ẹnì kan àti ibì kan, ó kù sọ́wọ́ olùgbọ́ láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ka èyí sí ìyanu ńlá. Ẹ wí fún mi, kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀ fún ọmọ Yorùbá? Bí mo bá sọ pé "Ìjàpá nílé àna rẹ̀", tí mo sì dákẹ́, ta ni nínú yín tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ti jí oúnjẹ, ojú sì ti í? Bí mo bá ní "Mọ̀rèmi létí odò", ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti fi ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ san ẹ̀jẹ́. Òwe, oríkì àti àlọ́ ti sọ wá di Tamarian láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ̀rọ ògbifọ̀ tí a ní lónìí ṣì ń kọsẹ̀ níbi tí ti inú eré náà ti kọsẹ̀. Ẹ fún un ní òwe kan, kí ẹ wo ohun tí yóò gbé jáde.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn eré yìí kò jókòó tẹtẹrẹ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ní 1968, lẹ́tà tí àwọn òǹwòran kọ wà lára ohun tí kò jẹ́ kí iléeṣẹ́ NBC pa eré náà tì. Ní 1976, lẹ́tà ni wọ́n tún kọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi pe ọkọ̀ òfurufú kan ní Enterprise. Ní 1971, ọmọ ilé ìwé kan, Mike Mayfield, fi èdè BASIC kọ eré Star Trek kan fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di 1973, David Ahl tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àwọn eré kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwọn èèyàn ń fọwọ́ tẹ eré inú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣàṣìtẹ̀, wọ́n ń wá àṣìtẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́. Ìfẹ́ eré orí tẹlifíṣọ̀n àti títú kọ̀ǹpútà wò, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ó wá kan Klingon. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ibí ni ọ̀rọ̀ ti wọ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè gan-an. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni Klingon jẹ́ nínú fíìmù ti 1979. Fún fíìmù ti 1984 ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún Marc Okrand, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, pé kó ṣe èdè náà kó pé. Ó ṣe é tinútinú: ó to àbọ̀ ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó wá fi olùwà sẹ́yìn, nítorí ó fẹ́ kó jọ ohun àjèjì sí etí ènìyàn. Ìwé atúmọ̀ rẹ̀ jáde ní 1985. Ní 1992, Lawrence Schoen dá ẹgbẹ́ Klingon Language Institute sílẹ̀. Ní 1996, wọ́n tẹ Hamlet jáde ní Klingon. Ní 2004, ó gba àmì ISO tirẹ̀, tlh. Ní oṣù karùn-ún 2013, Bing ti Microsoft ń túmọ̀ Klingon. Oṣù kejìlá ọdún yẹn ni Google Translate tó mú Yorùbá wọlé. Èdè tí kò sí ìyá kankan tó ń fi í rẹ ọmọ lẹ́kún wọ inú ẹ̀rọ ògbifọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ní oṣù méje ṣíwájú èdè ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn.

Ọ̀pọ̀ máa ń fi èyí ṣe ẹ̀sùn sí àwọn olólùfẹ́ Klingon. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀. Ẹ wo ohun tí Okrand ń ṣe kó tó dé ilé fíìmù. Ní 1977, ní Berkeley, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí gírámà Mutsun, èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ní California. Ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa gbẹ̀yìn, Ascención Solórsano, ti kú ní 1930. Inú ìwé tí J. P. Harrington kọ sílẹ̀ lẹ́nu màmá yẹn wà lára ibi tí Okrand ti rí ohun èlò. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Mutsun bẹ̀rẹ̀ sí í jí èdè wọn dìde, gírámà Okrand sì wà lára ohun tí wọ́n dì mú. Ẹnì kan náà ló fọwọ́ kan èdè méjèèjì. Ohun tí Klingon ní tí Mutsun kò ní fún ìgbà pípẹ́ kì í ṣe onímọ̀. Àwọn tó fẹ́ fi í ṣeré ló ní. Àwọn tó ń jókòó lálẹ́ láti kọ lẹ́tà síra wọn, tí wọ́n ń ṣi gírámà lò láìtijú, tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí àfòmọ́ ẹ̀yìn.

Mo mọ ibi tí àfiwé mi ti rọ. Klingon ní bàbá kan ṣoṣo: bí iyàn bá dé, wọ́n á bi Okrand, ó parí. Ta ni a ó bi ní tiwa? Èkejì, kò sí ẹni tó ń fi Klingon tẹ́ni. Ọmọ Kambolé tó bá la ẹnu ní kíláàsì ní Nàìjíríà, kíá ni ọmọ Ọ̀yọ́ kan yóò ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, bí ẹni ń yọ òkúta nínú ìrẹsì. Àwa tí a ti kà á pé Defoid ni orúkọ ìdílé èdè wa, tí a mọ̀ pé láti ara "ede" àti "Ife" ni wọ́n ti ṣẹ̀dá orúkọ náà, àwa kan náà ni a ń pe ẹ̀ka-èdè ẹlòmíràn ní àṣìsọ. Ọmọ tí wọ́n bá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò fi Faransé kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ohun tí mo ń rí nìyẹn nínú ẹbí tèmi, òun ló sì ń dùn mí.

Àwọn kan yóò ní owó ló wà lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ ká wo Lọmé. Ní 2012, Sénamé Koffi Agbodjinou, ayàwòrán-ilé, dá WoeLab sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di 2013, Afate Gnikou kó ara ẹ̀rọ àlòkù jọ, ó tú wọn, ó sì to wọ́n pọ̀ di ẹ̀rọ kan tó ń tẹ ohun jáde ní gbígbọ̀rọ̀, tó ń ṣe ife àti ìkòkò kékeré láti inú ike. W.Afate ni wọ́n pè é. Ọdún yẹn náà ni wọ́n mú un lọ sí ìdíje NASA Space Apps, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní W.Afate to Mars. Ará Tógò gbé pàǹtírí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, ó ń sọ̀rọ̀ Mars. Bí èyí kì í bá ṣe Star Trek, n kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kíbọọ̀dù èdè kan kò tó ìdá kan nínú wàhálà ẹ̀rọ yẹn. Kò tilẹ̀ gba irin.

Wàhálà tó wà níbẹ̀, ẹ fetí sí i, nítorí ó dùn. Ní Tógò, kíbọọ̀dù AZERTY ti Faransé la ń lò. Lórí rẹ̀, é wà lórí bọ́tìnnì 2, è wà lórí 7, à wà lórí 0, ù náà ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Nínú Windows, bí a bá tẹ AltGr pẹ̀lú 7, a ó rí ì àti ò náà. Ṣùgbọ́n á, í, ó, ú kò sí níbì kankan lórí AZERTY àtijọ́, nítorí èdè Faransé kò nílò wọn. Ẹ rí i bí? Kíbọọ̀dù náà gba ohùn ìsàlẹ̀ fún gbogbo fáwẹ̀lì márùn-ún, ó sì fi ohùn òkè fún e nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ èdè wa lórí rẹ̀ yóò máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ní 2019, àjọ AFNOR ní ilẹ̀ Faransé gbé ètò tuntun jáde tó tún èyí ṣe, àmọ́ kọ̀ǹpútà àlòkù tí à ń rà lọ́jà, ti àtijọ́ ló ṣì wà lórí wọn.

Bí a bá tún ti ohùn ṣe tán, a ó kan fáwẹ̀lì. Ní Nàìjíríà, ẹ àti ọ la ń kọ. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti 1975 tí wọ́n ti ṣe álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè wọn, tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008, ɛ àti ɔ ni, kp dípò p, sh dípò ṣ. Ní Tógò, àwọn ará Ifɛ̀ tó wà ní Atakpamé fi ɛ kọ orúkọ ara wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níhìn-ín fẹ́ kí Kambolé tẹ̀ lé ti Nàìjíríà, wọ́n ní kí ìwé lè jẹ́ ọ̀kan. Èmi wà lẹ́yìn ɛ, ìdí mi sì wà nínú kọ̀ǹpútà. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ pẹ̀lú ohùn kò ní. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́rin ló wà láti kọ ẹ́: ẹ àti ohùn, é àti àmì ìsàlẹ̀, e, àmì ìsàlẹ̀, ohùn, e, ohùn, àmì ìsàlẹ̀. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú fáìlì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá wá "ẹ́" nínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, tí kò rí i, tí ó sì ń wò ó lójú kòrókòró, kó mọ̀ pé kì í ṣe àjẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ɛ́ ní: ɛ, lẹ́yìn náà ohùn. Kò sí ìdàrúdàpọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ Kambolé tó ti rí ɛ àti ɔ nínú ìwé Ewe tàbí ti Tem kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè.

Ní ti kí ìwé jẹ́ ọ̀kan, ẹ ní kọ̀ǹpútà ṣe é. Ɛ di ẹ, ɔ di ọ, kp di p, sh di ṣ: ìlà mẹ́rin ni ètò náà. Ó ṣeé dà padà pẹ̀lú, nítorí s kì í pàdé h nínú èdè wa láìjẹ́ ìró kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ àkọtọ́ tí à ń bá ara wa jà lé lórí láti ọdún yìí wá, aṣọ méjì lásán ni lára ẹnì kan.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ṣe é, ọ̀nà nìyí. Nínú Linux, àwọn fáìlì kíbọọ̀dù wà ní /usr/share/X11/xkb/symbols. Ẹ óò bá ng níbẹ̀, tí Yorùbá wà nínú rẹ̀, àti gh ti Gánà, tí Ewe àti Akan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ɛ àti ɔ wọn. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní àyè mẹ́rin: òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú Shift, pẹ̀lú AltGr, pẹ̀lú méjèèjì. Ẹ mú fr, kí ẹ fi ɛ sí AltGr e, ɔ sí AltGr o. Fún ohùn, ẹ má ṣe lo bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ ṣíwájú lẹ́tà, nítorí irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ ń wá lẹ́tà tó ti so pọ̀ tẹ́lẹ̀, ɛ́ kò sì ní. Ẹ fi U0301 àti U0300 síbẹ̀ tààrà, kí á máa tẹ ohùn lẹ́yìn fáwẹ̀lì, bí a ti ń fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Fún àwọn tó ń lo Windows tàbí fóònù, Keyman wà. Láti 2015 ló ti wà lọ́wọ́ àjọ SIL, ọ̀fẹ́ sì ni.

Fáìlì tèmi ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mi. Ibi tí mo dúró sí báyìí ni orúkọ, nítorí a gbọ́dọ̀ kọ ohun tí yóò hàn nígbà tí èèyàn bá ń yan kíbọọ̀dù. Bí mo bá kọ "Nago", àwọn kan nílé yóò bínú pé orúkọ tí àlejò sọ wá ni. Bí mo bá kọ "Yorùbá (Tógò)", àwọn ará Ifɛ̀ á bi mí pé ta ló fi mí jẹ olórí wọn. Mo ti pinnu pé "Kambolé" ni n óò kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti Manigri wá, kó fi tirẹ̀ sí ìlà tó tẹ̀ lé e, àyè wà.